Ìwọ̀n Orí ní Angwan Rukuba

Sátidé, 9 Fẹ́búárì 1980

Ọyẹ́ ṣì ń jà. Ètè mi ti là, eruku sì bo gbogbo aṣọ tí Màámi kó lọ sọ́jà ní Terminus. Ó ní òun gbọ̀n ọ́n títí apá fi ń ro òun.

Mo gbé irin ìwọnrí wálé láti yunifásítì kí n lè fi kọ́wọ́ kí a tó jáde lọ ṣiṣẹ́. Bí Abísọ́lá àbúrò mi ṣe rí i báyìí, ó ní, "Kái! Alákàn rèé!" Lóòótọ́ ó jọ akàn, ọwọ́ méjì tó tẹ̀ kọrọdọ, tí ń ṣí tí ń pa dé. Mo ní kó jókòó kí n fi orí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín torí pé irin náà tutù. Mo wọn iwájú orí rẹ̀ dé ìpàkọ́, mo wọ̀n ọ́n láti òkè etí dé òkè etí kejì.

Màámi ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Yẹ́misí, kí lò ń wọ̀n?"

Mo ní iṣẹ́ iléèwé ni.

Ó ní, "Òkú là ń wọ̀n." Ó kọjá sílé ìdáná, mo sì gbọ́ tó ń da alùbọ́sà sínú epo bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan.

Mọ́ńdè, 11 Fẹ́búárì

Dókítà Dúrótoyè olùkọ́ wa tún la ọ̀rọ̀ náà yé wa. Ó ní ẹ̀kọ́ nípa ọmọ ènìyàn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bí àga: ara ènìyàn fúnra rẹ̀, ohun tí àwọn ará ìgbàanì fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀, èdè, àti àṣà. Ẹni tó bá gé ọ̀kan kúrò, kó má jókòó lé e. Ó ní láyé àtijọ́ àwọn òyìnbó kan ń wọn orí káàkiri ayé kí wọ́n lè sọ pé orí tàwọn ló tóbi jù, pé ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àwọn jọba lé wa lórí.

"Irọ́ ni," ó ní. "Àwa náà yóò wọ̀n ọ́n láti fi tú irọ́ náà fó. Oúnjẹ, afẹ́fẹ́ orí òkè, àìsàn ìgbà èwe, àwọn ló ń mú kí ara yàtọ̀ sí ara. Kò sí orí tó jẹ́ ọ̀gá orí."

Ara mi bù máṣọ. Angwan Rukuba ló yàn fún èmi àti Kàsímù akẹgbẹ́ mi. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Jos níbí la ó wọ̀n, kí òun lè fi wọ́n wé àwọn tó wà nílé. Ọdún kejì rẹ̀ rèé lórí iṣẹ́ náà.

Ọjọ́rú, 20 Fẹ́búárì

Ilé Baba Ògúnlàdé la ti bẹ̀rẹ̀. Òun ni olórí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní àdúgbò náà, ó sì ti gbà fún wa. Agbo ilé ńlá ni, yàrá kọjú sí yàrá, fèrèsé wọn kò fẹ̀ ju ìwé kan lọ. Yorùbá ni àwọn àgbà ń sọ, àwọn ọmọ a sì fi Hausa dá wọn lóhùn. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀, torí èdè wà lára iṣẹ́.

Gideon tó ń jó irin ló kọ́kọ́ jókòó. Ó bọ́ fìlà, ó ní, "Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa o, kí n lè rí èyí tí mo máa sọ fún aránfìlà." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀, Christianah, ló jókòó tẹ̀lé e, oyún ti hàn lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí wọ́n ń ti ara wọn kí ó lè kàn wọ́n.

Ìyá Ọláṣùmbọ̀ nìkan ni kò gbà. Ó jókòó ti ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, o káàbọ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ìwọ̀n orí àwọn èèyàn ṣe?" Mo ní ó máa lọ sínú ìwé. Ó ní, "Tó bá dénú ìwé ńkọ́?" Kàsímù pè mí, mo sì dìde lọ.

Ọjọ́bọ̀, 28 Fẹ́búárì

Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti dé. Omi kò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Mudu ìrẹsì ti di náírà méjì.

Ọjọ́bọ̀, 6 Máàṣì

Gideon ti kú.

A dé agbo ilé náà láàárọ̀, a gbé irin dání, à ń rẹ́rìn-ín lórí nǹkan kan tí Kàsímù sọ. Kò sẹ́ni tó ń fọ aṣọ nídìí kànga. Baba Ògúnlàdé jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mìíràn. Ó ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Gideon, ó ní kí wọ́n bá òun ti fèrèsé torí ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọrùn rẹ̀ ti gan bí igi, kò mọ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó rí mọ́tò tó máa gbé e, ẹ̀mí ti bọ́.

"Sánkàráù ni, àìsàn tí ń gan ọrùn," ni ọkùnrin kan wí. "Ó ti wà ní apá ọ̀hún láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Obìnrin kan dáhùn láti inú yàrá, "Orí ni. Orí ló ní ó ń dun òun."

Kò sí ẹni tó wò wá. Ì bá sàn kí wọ́n wò wá. Mo fi ìborùn mi bo irin náà, a kí wọn kú ara fẹ́ra kù, a sì jáde.

Túsìdeè, 11 Máàṣì

Ẹlòmíràn tún kú nínú ilé yẹn, ọmọ ilé kan tí wọ́n ń pè ní Adéyínká, tó ń múra ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Òun náà wà lára àwọn tí a wọ̀n. Rédíò ní kí a máa ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí a má kó jọ sínú yàrá.

Kàsímù ní kí n ronú bí ọ̀mọ̀wé. Ó ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo èèyàn inú ilé yẹn la ti wọ̀n, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá kú níbẹ̀, ẹni tí a wọ̀n ni yóò jẹ́. Ó ní bí a bá fún gbogbo wọn ní búrẹ́dì ni, búrẹ́dì ni wọn ì bá máa pè ní májèlé.

Òótọ́ ni. N kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jò. Ṣùgbọ́n Kàsímù fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kan irin náà nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo gbé e délé.

Ọjọ́bọ̀, 13 Máàṣì

Mo sọ fún Dókítà. Ó kẹ́dùn, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó dùn ún. Ó wá ní, "Ẹ má sá o. Àhesọ tí ń jà yìí, ìṣúra ni fún wa. Báwo ni ìbẹ̀rù ṣe ń bí ìtàn? Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ẹ bá wọn gbé, ẹ tẹ́tí, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà wá, sà."

Ó ní, "Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Sátidé, 15 Máàṣì

Orí mi ṣì ń hó bí mo ti ń kọ èyí.

A kò tíì dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé tí àwọn ọmọdé fi rí wa, tí wọ́n fi igbe ta. "Masu auna kai! Masu auna kai!" Awọnrí, awọnrí. Àwọn obìnrin ń fa ọmọ wọlé, ilẹ̀kùn ń pa dé gbà-gbà-gbà láti ìsàlẹ̀ òpópónà wá. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan bi wá ní Hausa pé ta ló rán wa. Kàsímù ní yunifásítì ni. Ó ní, "Èèyàn mélòó ni yunifásítì ní kí ẹ mú wá?"

Òkò àkọ́kọ́ ba Kàsímù lẹ́jìká. Èkejì la iwájú orí rẹ̀. Ẹnì kan já báàgì gbà lọ́wọ́ mi, ó fa alákàn jáde, ó nà án sókè kí gbogbo wọn lè rí i, ariwo tó sọ kì í ṣe ti ìbínú nìkan, ẹ̀rù wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi òkúta lù ú títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo rò pé àwa ló kù.

Baba Ògúnlàdé ló bọ́ sáàárín, agbádá kò sí lọ́rùn rẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. "Ọmọ wa ni wọ́n! Bàbá eléyìí, èmi ni mo sin ín! Hàbà! Ẹ fẹ́ pa ọmọ Àkàndé lójú mi?" Ó dì mí mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó di Kàsímù mú lọ́wọ́ òsì, ó mú wa rìn gba àárín wọn kọjá. Nígbà tí a dé títì, ó ní, "Ẹ má padà wá. N kò ní lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì."

Ọjọ́rú, 19 Máàṣì

Nọ́ọ̀sì kan wá sílé wa ní Àpáta, Rhoda lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ ibí ni. Kàsímù ló júwe ilé fún un nígbà tó ń rán orí rẹ̀. Hausa la fi sọ̀rọ̀. Kò gba àga tí Màámi fún un.

Ó ní àwọn ti gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí ilé Baba Ògúnlàdé àti àwọn ilé tó yí i ká. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní àwọn awọnrí ti sàmì sí àwọn lára, àwọn alábẹ́rẹ́ ló wá parí ẹ̀. Aláìsàn tún ti wà nínú ilé méjì, wọ́n ń fi wọ́n pa mọ́.

"Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn yẹn," ó ní. "Wá bá mi ṣí i."

Mo ní wọ́n fẹ́ pa mí níbẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀."

Nígbà tí Rhoda lọ tán, Màámi ní, "Lọ bá Baba Ògúnlàdé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Gangare. Má lọ sí ilé. Bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ, má bá a sọ̀rọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́."

Ọjọ́bọ̀, 20 Máàṣì

Ó ń to abọ́ tánganran nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀, n kò dìde títí ó fi ní kí n dìde. Mo ní kí ó bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba abẹ́rẹ́.

Ó ní, "Èmi gbọ́ pé àìsàn ni. Mo ti rí sánkàráù rí kí wọ́n tó bí ọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà wọ́n nínú jẹ́ kì í ṣe irin. Ẹ mú nǹkan kan lára wọn, ẹ kó o lọ síbi tí wọn kò mọ̀, ẹ kò sì fún wọn ní nǹkan kan. Bí adìẹ aládùúgbò bá wọ ilé rẹ, tí àdúgbò ń kùn, kí lo máa ṣe?"

"Màá dá a padà, sà."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í to abọ́ rẹ̀. "Mo ti sọ tèmi."

Fráídè, 21 Máàṣì

Dókítà kò gbà. Mo ní kí a dá ìwọ̀n kálukú padà fún un, ní ọwọ́ rẹ̀, lójú gbogbo ilé. Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni.

"Ṣé nítorí eku la ó ṣe dáná sun àká? Iṣẹ́ ọdún méjì! Àwọn nọ́ńbà yẹn kì í ṣe tiwọn mọ́, Olúyẹ́misí."

"Ta ló wá ni wọ́n, sà?"

Ó ní ìmọ̀ ló ni wọ́n. Mo ní ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká má fi òṣùwọ̀n ilé wa wọn ilé onílé. Ó ní òun kọ́ wa pé ká lóye àwọn èèyàn, òun kò ní ká gba ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ó sì ní òun ń lọ sí ìpàdé ní Zaria, kí n lọ sinmi.

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó kó àwọn ìwọ̀n náà sí wà torí èmi ni mò ń da ìwé rẹ̀ kọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó gbàgbé ni tàbí kò gbàgbé. Mo jókòó síwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà títí àwọn tó ń gbálẹ̀ fi dé. Mo ṣí i.

Sátidé, 22 Máàṣì

Orí páálí pélébé-pélébé la kọ àwọn ìwọ̀n náà sí, ti kálukú lọ́tọ̀. Èmi, Rhoda, àti Kàsímù tó ní òun kò ní jẹ́ kí n dá lọ, tòun ti báńdéèjì lórí, la jọ lọ sí agbo ilé náà. Baba Ògúnlàdé ti sọ fún wọn. Wọ́n dúró yí àgbàlá ká, kò sẹ́ni tó kí wa.

Mo pe orúkọ. Ẹni àkọ́kọ́ kò jáde. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó jáde, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Mo ní, "Mo dá a padà. Kò sí èyí tó kù lọ́dọ̀ wa." Ó gbà á, ó yí i sọ́tùn-ún yí i sósì, ó kì í bọ àpò. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ń jáde wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ya tiwọn. Obìnrin kan fi tirẹ̀ sínú ọ̀já ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ó kan Gideon, n kò lè pe orúkọ náà. Christianah fúnra rẹ̀ ló rìn wá. Ó gba ti ọkọ rẹ̀, ó gba tirẹ̀, ó to méjèèjì léra. Ó ní, "Ṣé bó ṣe tóbi tó rèé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kò tóbi púpọ̀."

Ìyá Ọláṣùmbọ̀ wá tún bi mí ní ìbéèrè rẹ̀ lójú gbogbo wọn: kí la fẹ́ fi ṣe? Mo rántí gbogbo ohun tí Dókítà sọ nípa irọ́ àwọn òyìnbó, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló gbé mi wá síbẹ̀ ní Fẹ́búárì. Mo ní, "Kí n lè yege ni, mà."

Ó mi orí. "Èyí yé mi."

Rhoda gún èmi lábẹ́rẹ́ lójú wọn. Ibi tó gún dùn mí, mo sì jẹ́ kí wọ́n rí i pé ó dùn mí. Ìyá Ọláṣùmbọ̀ ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, òun tí a kò wọn orí rẹ̀ rárá, ó ní, "Ó yá, èmi ló kàn." Títí di ọ̀sán gangan ni wọ́n fi ń tò. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọkàn mi balẹ̀ nínú Máàṣì yìí rèé.

Ọjọ́bọ̀, 27 Máàṣì

Dókítà ti dé. Kò pariwo. Ó ní màá rí ìgbìmọ̀ ìbáwí yunifásítì. Kàsímù lọ sọ fún un pé àwa méjèèjì ni. Ó ní kí Kàsímù jáde.

Ọjọ́rú, 2 Éépírì

Àwọn aláìsàn méjì tí wọ́n fi pa mọ́ ní Angwan Rukuba ti wà ní ọsibítù, wọ́n ní wọ́n ń jẹun. Kò tíì sí òkú mìíràn ní ilé náà. Rhoda ní abẹ́rẹ́ ti tán, pé bí òmíràn bá dé, Àpáta ló kàn.

Abísọ́lá kò lọ iléèwé. Ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 Éépírì

Ó ní kí n ti fèrèsé.

Sátidé, 5 Éépírì

Ọsibítù. Ó ṣì ń mí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, àwọn kan sùn sílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ kò ṣe é tẹ̀. Ó ń bá ẹnì kan tí n kò rí sọ Hausa.

Sọ́ńdè Àjíǹde, 6 Éépírì

Mo mọ̀ pé irin kì í pa ènìyàn. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo mọ kòkòrò tó ń fà á, mo mọ bí ó ṣe ń gba afẹ́fẹ́ yàrá tí kò ní fèrèsé. Ó ṣeé ṣe kí èmi gan-an ni mo gbé e wálé láti Angwan Rukuba, nínú èémí mi, nígbà tí mò ń gbé ìlera kiri. Rhoda ní kò sí ẹni tó lè mọ̀.

Mo ń retí kí Màámi sọ ọ́, pé orí Abísọ́lá ni mo kọ́kọ́ wọ̀n. Gbogbo òwúrọ̀ ni mò ń retí rẹ̀. Ó ń fi aṣọ tútù nu àbúrò mi lára, ó ń gbàdúrà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún, ó gbójú sókè, ó ní, "Yẹ́misí, o ò tíì jẹun láti àná. Lọ ra nǹkan."

Mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Lọ. Èmi ò ní agbára láti tọ́jú ẹni méjì."

Ọjọ́bọ̀, 10 Éépírì

Ó la ojú! Ó mọ Màámi, ó mọ̀ mí. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ohùn rẹ̀ ròkè ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú. Màámi jó nídìí bẹ́ẹ̀dì.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo pe Abísọ́lá láti ẹ̀yìn. Mo tún pè é. Dókítà ọsibítù wá, ó dúró níbi tí kò ti lè rí i, ó pàtẹ́wọ́ kíkan. Ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ta gìrì. Abísọ́lá ń mu omi rẹ̀ lọ.

Túsìdeè, 22 Éépírì

A ti wà nílé. Ìgbìmọ̀ jókòó láàárọ̀ yìí. Màá tún ọdún yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ Dókítà Dúrótoyè mọ́. Ó bá mi ní ìta lẹ́yìn rẹ̀. Ó béèrè àbúrò mi. Mo sọ fún un. Ó dúró síbẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́," bí ẹni tó ń kí àgbà, ó sì lọ.

Abísọ́lá ń bínú. Ó fọ́ ife. Ó ní a ń ṣépè fún òun lẹ́yìn òun. Mo kọ ọ̀rọ̀ sórí páálí fún un, ó fà á ya, ó ní òun kì í ṣe ọmọ iléèwé mi.

Fráídè, 25 Éépírì

Ó ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Láti pe Màámi, ó ń fa etí aṣọ bí ẹni ń na aṣọ fún oníbàárà. Ó pa ìka mọ́ra lẹ́nu fún oúnjẹ. Fún rárá, ó ju ọwọ́ nù bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Màámi ti gbọ́ ọ jù mí lọ. Wọ́n jọ ń jà lórí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ láìsí ohùn kankan, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ilé. N kò kọ ọ́ síbì kankan àyàfi ibí.

Sátidé, 26 Éépírì

Òjò. Àkọ́rọ̀ ọdún yìí, ó sì dé pẹ̀lú ìjì. Ní Angwan Rukuba, ní Gangare, níbi gbogbo, àwọn èèyàn ń hó. Rhoda ní bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, àìsàn náà ń lọ nìyẹn. Páànù ń hó lórí wa débi pé èmi àti Màámi kò gbọ́ ara wa mọ́, a kàn ń la ẹnu.

Abísọ́lá jókòó sórí ẹní, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé, kò mọ nǹkan kan. Ó rí ẹnu wa. Ó wo òkè. Ó dìde, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ògiri, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà tó yíjú padà, ó na ọwọ́ sí mi pé kí n wá.

Mo lọ. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ògiri náà ń gbọ̀n lábẹ́ òjò.